Kí Ẹ Tó Ra Kíbọ́ọ̀dù MIDI, Ẹ Fi Etí Onígángan Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ní agbègbè wa yìí, láti Akọka dé Bàríga, láti Yábàá dé Súrùlérè àti Muṣin: "Kíbọ́ọ̀dù MIDI wo ni kí n rà?" Ìdáhùn tí wọ́n ń gbọ́ kì í sábà ju méjì lọ. Àwọn kan á ní kí wọ́n ra èyí tó kéré jù, tó ní páàdì tó ń tàn yanranyanran, torí òun ni gbogbo ayé ń rà. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra nǹkan kan, pé máòsì ti tó. Èrò tèmi yàtọ̀ sí méjèèjì. Mo gbà pé ọmọ Yorùbá tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nílò kíbọ́ọ̀dù. Mo sì gbà pé ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò lára rẹ̀ ni ohun tí àwọn tó ń tà á kì í dárúkọ rárá: wíìlì kékeré tó wà lápá òsì, èyí tí a fi ń fa ohùn sókè, tí a sì fi ń dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde báyìí. Òkè òkun ni gbogbo kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyí ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n wọlé. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ́jà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi owó oúnjẹ oṣù kan rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí yóò tú àjọ fún. Mi ò ní kọ iye kankan síbí, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu kò ní rówó ra òmíràn kó tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á máa ra nǹkan báyìí nítorí àwòrán tí a rí lórí fóònù.

Ohun tí nǹkan náà jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Kíbọ́ọ̀dù MIDI kò ní ohùn tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìso ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ìró ike lásán lẹ máa gbọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà: kíì báyìí ni wọ́n tẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà báyìí ni wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iṣẹ́ náà di ohùn dùùrù, fèrè tàbí ìlù. MIDI ni orúkọ èdè tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ yìí. Ọdún 1983 ló jáde, lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ orin ní Amẹ́ríkà àti Japan ti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Dave Smith ti Sequential Circuits àti Ikutaro Kakehashi ti Roland ló ṣáájú nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Grammy nítorí rẹ̀ ní 2013.

Nọ́ńbà ni gbogbo iṣẹ́ tí MIDI ń jẹ́. Kíì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0 dé 127. C àárín dùùrù ni 60. Bí ọwọ́ ṣe le tó lórí kíì náà ní nọ́ńbà, láti 1 dé 127. Ṣùgbọ́n wíìlì ohùn tí mo ń wí yìí, tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ṣe MIDI mọ̀ pé etí ènìyàn tètè máa ń gbọ́ ọ bí ohùn bá ń fò dípò kó máa yọ̀, nítorí náà wọ́n fún wíìlì ní ipò 16,384, èyí tó wà láàárín sì ni 8,192. Ẹ rántí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, a máa padà lò wọ́n nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á.

Dò, re, mí

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá, ẹ jẹ́ ká lo ohun tí a kọ́. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè. Dò, re, mí ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa láti kékeré. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: fáwẹ̀lì kan náà, kọ́ńsónáǹtì kan náà, ohùn nìkan ló ya ẹni tó gbé ìyàwó kúrò lára irin tí a fi ń roko, tó tún ya ohun tí à ń wọ̀ lọ sí Ojúẹlẹ́gbà kúrò lára ohun ìjà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ orin Yorùbá láìbìkítà fún èyí, ó lè ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn olórin Èkó. T. K. Ekundayo Phillips, tó pẹ́ gan-an nídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral tó wà ní Marina, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ló sì fi ṣe kókó inú rẹ̀. Akin Euba náà, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa yìí, kọ odindi ìwé lórí dùndún ní 1990. Òun kan náà ló ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi máa tẹ dùùrù òyìnbó bí ẹni ń lu ìlù Áfíríkà. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lè ronú báyìí lórí dùùrù onígi, kò yẹ kí àwa tó ní kọ̀ǹpútà ṣe kùdìẹ̀kudiẹ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn mẹ́ta yìí kì í dúró sójú kan. Ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, ó máa ń yọ̀ gòkè ni, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú "ìwé". Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì tẹ̀ lé ohùn òkè, ó máa ń yọ̀ wálẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú "rárà", èyí tí etí wa fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí "rárá". Kíì kíbọ́ọ̀dù kò mọ yíyọ̀. Bí àtẹ̀gùn ilé ló rí: ẹ wà lórí èyí tàbí ẹ wà lórí ìyẹn, kò sí ibùdúró láàárín méjì. Ẹni tó bá fi kíì méjì tẹ "ìwé" yóò gbọ́ dò, yóò gbọ́ mí, àmọ́ kò ní gbọ́ bí ohùn ṣe gba ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀nà yẹn gan-an ni gángan ń sọ.

Ẹ wo onígángan bó ṣe ń ṣe é. Ìlù wà lábíyá rẹ̀ òsì, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Bó bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á padà sílé. Ọwọ́ ọ̀tún ń lu ojú kan náà ṣáá, apá òsì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo kíbọ́ọ̀dù tó ní wíìlì: ọwọ́ òsì wà lórí wíìlì, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí kíì. Ẹ ti wíìlì síwájú, ohùn lọ sókè. Ẹ fi í sílẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ á dá a padà sí àárín. Àwọn tó ṣe wíìlì yìí, tó ti wà lára Minimoog láti 1970, kò ronú kan àyàn kankan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe bá iṣẹ́ àyàn mu ju gbogbo páàdì àti bọ́tìnnì tó kù lọ. Ẹ mú kíì kan ṣoṣo, ẹ fi ṣe ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi wíìlì wá re àti mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ti máa fi í pe orúkọ ara yín.

Wíìlì kan kò jọ wíìlì kan

Níbi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé nìyí. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù kọ́ ló ní wíìlì gidi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Akai MPK Mini, tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọ̀pá kékeré tí a ń fi àtàǹpàkò tì ló fi rọ́pò rẹ̀. Arturia MiniLab ní ilà pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka fà. Korg nanoKEY2 ní bọ́tìnnì lásán, ẹ tẹ̀ ẹ́, ohùn á fò lọ sókè bí ẹni gún un ní abẹ́rẹ́. Àmọ́ M-Audio Keystation 49 àti Nektar Impact GX49, tí kò ní ìṣẹ̀ṣọ́ púpọ̀ lára, tí àwọn ọmọ ilé ìwé kì í fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, ní wíìlì gidi méjì lápá òsì. Mi ò sọ pé àwọn ti àkọ́kọ́ kò dára. Ẹni tó ń ṣe bíìtì híp-họ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé páàdì ni yóò máa gbá láti àárọ̀ dalẹ́, MPK Mini á ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ìlù inú orin òun sọ Yorùbá, wíìlì ni kó fowó rẹ̀ rà.

Bí ẹ bá sì ti rà á, nǹkan méjì wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ohùn inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ pé kí wíìlì má fa ohùn kọjá kíì méjì sókè tàbí méjì sílẹ̀, ká ka dúdú mọ́ funfun. Ìyẹn tó fún gìtá, àmọ́ bí ẹ bá fi lu gángan, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni yóò máa dún. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí i padà nínú ètò tí ẹ ń lò, kí ẹ gbé e lọ sí 7 tàbí 12. Èkejì ni pé gbogbo ohùn tó wà lórí ọ̀nà kan náà ni wíìlì ń fà pọ̀. Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni MIDI ní; ẹ fi ìlù sí ọ̀nà tirẹ̀, kí dùùrù wà lórí òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ ni dùùrù náà á máa ké tẹ̀ lé e. Láti 2018 ni ìlànà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní MPE ti wà, tó ń jẹ́ kí ìka kọ̀ọ̀kan fa ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ń lò ó kò tíì jẹ́ owó akẹ́kọ̀ọ́.

Mo tún ní láti sọ ti ohùn ìlù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìlù tí ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe gba ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo kí ẹ wá máa fi wíìlì nà án dé òkè. Bí kọ̀ǹpútà bá fa ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sókè lọ́nà tó wọ́pọ̀, ńṣe ló ń mú un sáré, yóò kúrú, yóò sì tín-ín-rín. Ẹ ní kí àyàn lù ú ní dò, ní re, ní mí, kó sì lu èyí tó ń yọ̀ gòkè àti èyí tó ń yọ̀ wálẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí wíìlì máa ṣe iṣẹ́ kékeré tó wà láàárín wọn. Kí ẹ sì sanwó fún àyàn náà. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni.

Iye kíì àti bí wọ́n ṣe tóbi

Lẹ́yìn wíìlì, ìwọ̀n kíì ló kàn. Dùùrù ńlá ní kíì 88. Àwọn kíbọ́ọ̀dù MIDI tó wọ́pọ̀ ní 25, 37, 49 tàbí 61. Kíì 25 kò ju ọ̀kitéfù méjì lọ. Bí ọwọ́ òsì bá mú béèsì, ọwọ́ ọ̀tún á máa wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Kíì 49 ní ọ̀kitéfù mẹ́rin, ó tó fún béèsì hááílíìfù àti orin tó lé e lórí, ó sì tún wọ orí tábìlì kékeré tó wà nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin jọ ń gbé. Òun ni mo fọwọ́ sí fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí kíì náà sì tóbi tó ti dùùrù gidi. Kíì kéékèèké máa ń kọ́ ọwọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín pé kí ẹ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ayẹyẹ, ìka yín á máa já bọ́ sórí kíì tí ẹ ò pè.

Ìdí mìíràn tún wà. Bí ọwọ́ ṣe le tó lórí kíì, láti 1 dé 127, òun ló ń ya orin ẹlẹ́mìí kúrò lára orin ẹ̀rọ. Lórí kíì kéékèèké tí kò jìn, ó ṣòro láti tẹ 40 kó yàtọ̀ sí 70. Bí ẹni ń tan iná ló rí, ó tàn tàbí kò tàn. Ẹ tẹ́tí sí agogo tó ń lu kónkóló: wọn kì í lu gbogbo rẹ̀ le bákan náà.

Ẹ̀yin tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ọ̀pọ̀ Yamaha PSR tó kún àwọn ìjọ aláṣọ funfun ní ihò USB tí wọ́n kọ "TO HOST" sí. Bó bá ní in, kíbọ́ọ̀dù MIDI ni, okùn kan ṣoṣo ló kù. PSR-E373 ní ihò náà, kíì rẹ̀ 61 sì mọ ọwọ́ líle yàtọ̀ sí ọwọ́ fẹ́lẹ́, àmọ́ kò ní wíìlì. PSR-E473 ní méjèèjì. PSR-E273 ní tirẹ̀ kò ní ihò náà, kì í sì í mọ bí ọwọ́ ṣe le tó, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jọ́ba lé yín lórí pé "Yamaha kan náà ni gbogbo wọn."

Iná àti ìdádúró

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná, torí Èkó la wà. Kíbọ́ọ̀dù MIDI tó ń lo okùn USB kò nílò iná ògiri. Ara láptọ́ọ̀pù ló ti ń mu iná, ohun tó sì ń mu kò tó nǹkan. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí kò sówó epo jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ń lọ títí bátìrì láptọ́ọ̀pù á fi tán. Hẹ́dìfóònù létí, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ń sùn, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Kí ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ fẹ́ rà kò nílò ádápítọ̀ tirẹ̀, kó sì jẹ́ irú tí kọ̀ǹpútà ń dá mọ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ lọ ń wa sọ́fítíwíà lórí dátà olówó gọbọi.

Ọ̀pọ̀ ló ti rà á tán, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí ohùn kò dé lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ní kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Kọ̀ǹpútà ló ń kó ohùn jọ kó tó tú u jáde. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ sí 1,024 nígbà tí iye ohùn inú ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 44,100, ìdádúró náà tó ìdá mẹ́tàlélógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá; ọwọ́ onílù máa mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé e wálẹ̀ sí 128, kò tó mẹ́ta mọ́. Lórí Windows, ẹ lo ASIO. ASIO4ALL wà lọ́fẹ̀ẹ́, FL Studio sì ní tirẹ̀ nínú. Kí ẹ sì fi íapíìsì Bluetooth sílẹ̀ bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, torí òun náà máa ń fi ìdádúró tirẹ̀ kún un.

Ṣé máòsì kò tó ni?

Ẹ̀gbẹ́ àwọn onímáòsì lágbára, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn dáadáa. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ orin tó gbòde kan ní ìlú yìí ni wọ́n fi máòsì àti FL Studio nìkan ṣe. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù gan-an ṣeé tẹ bíi kíì dùùrù nínú FL Studio. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Wọ́n tilẹ̀ lè ní àwọn lè fi máòsì ya bí ohùn ṣe ń yọ̀. Mo gbà.

Àmọ́ ẹ wò ó. Bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù kò mọ ọwọ́ líle yàtọ̀ sí ọwọ́ fẹ́lẹ́; gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ohun tí ẹ bá sì fi máòsì tò, orí ilà ni yóò dúró sí gbọnin, àyàfi tí ẹ bá jókòó tì í, tí ẹ ń sún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlù wa kì í dúró lórí ilà. Ẹ gbọ́ àwo orin tí Fẹlá àti Tony Allen jọ ṣe kí 1977 tó dé, kí àwọn sójà tó jó ilé Kalakuta ní Ìdí-Òro ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún náà. Fẹlá máa ń fọn fèrè, ó sì máa ń tẹ dùùrù pẹ̀lú. Ohun tó ń mú ẹsẹ̀ ènìyàn jó níbẹ̀ ni pé ọwọ́ kan ń ṣáájú díẹ̀, ọwọ́ kan ń rọ́ lẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi máòsì ya gbólóhùn gángan kan ṣoṣo, kó lè yọ̀ bó ṣe yẹ, á lò tó ìdajì wákàtí. Ọwọ́ tó ti mọ wíìlì á sọ ọ́ tán láàárín mímí kan. Ọ̀pọ̀ kò ní lo ìdajì wákàtí náà. Wọ́n á gbójú lé ìlù tí àjèjì ti gbà sílẹ̀, tó ń tà á pẹ̀lú orúkọ "ìlù Áfíríkà," tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ń lọ báyìí, àwọn ọmọ tí yóò dàgbà lórí orin wa á mọ ìró gángan dáadáa, wọn ò sì ní mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, ní Alábà tàbí ní Computer Village, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín lọ. Ẹ ti fi MIDI-OX sínú rẹ̀ láti ilé, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù ń rán jáde ló máa ń fi hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ gbogbo kíì lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ le. Bí kíì kan bá jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ìtẹ̀ kan, tàbí tó bá ń rán 127 ní gbogbo ìgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ wá dé orí wíìlì. Ẹ tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo bóyá nọ́ńbà ń gun òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tàbí ó ń fò. Àwọn wíìlì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kì í lò ju ipò 128 lọ nínú 16,384. Bí ẹ bá ti ṣètò 12 sókè àti 12 sílẹ̀, ipò márùn-ún péré ló máa bọ́ sí àárín kíì kan àti èkejì. Etí yín á gbọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi wíìlì sílẹ̀ lójijì: ṣé ó padà sí 8,192? Bí kò bá padà síbẹ̀, gbogbo orin tí ẹ bá fi ṣe kò ní bá ohùn mu. Lẹ́yìn èyí, ẹ mi okùn USB níbi tó wọlé sí. Bí iná rẹ̀ bá ń kú tó ń tàn, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ bá tiyín lọ. Ní ìkẹyìn, ẹ fi kíì kan àti wíìlì pe "ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀." Ẹni tó ń tà á lè máa wò yín bíi wèrè. Ẹ máa pè é lọ.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí ni kò ní lè ra kíbọ́ọ̀dù kankan lọ́dún yìí, bó ti wù kí wíìlì rẹ̀ dára tó. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ẹ̀ka, bánà àti àga ló sábà máa ń wá sọ́kàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé èyí náà yẹ̀ wò: kíbọ́ọ̀dù MIDI kan ṣoṣo, kíì 61, wíìlì gidi méjì, hẹ́dìfóònù olókùn méjì, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa buwọ́ lù. Kò ju ohun tí ẹgbẹ́ ọdún kan lè dá láìfara nira. Yàrá kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tó fún un.

Kí ẹ fi kún un pé kí ẹ̀ka pe àyàn kan wá lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sanwó fún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀ ní dò, re, mí, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n bá gbà. Láàárín ọdún mélòó kan, a ó ti ní àkójọ ohùn ìlù Yorùbá tí àwa fúnra wa ṣe, tí a mọ ẹni tó lù ú, tí a sì mọ ohun tó ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ohùn lè lò ó. Èyí tó ń ṣe bíìtì ní Muṣin lè lò ó. Bí ẹgbẹ́ ọdún kan bá ti ṣe tán, kí ó fi tó ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí kí ìsinmi sáà yìí tó dé, kí á lè mọ yàrá tí a máa tọrọ lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka.